Abèèrè Kì í Ṣìnà: Ìṣirò Tó Wà Lọ́kàn Ẹni Tó Fẹ́ Rúfin

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí láti Àkúrẹ́, Òǹdó àti àwọn ìlú tó yí wọn ká fẹnu kò síbì kan. Àwọn òǹkàwé fẹ́ mọ ìdí tí ọlọ́pàá àti ẹ̀ṣọ́ fi wà káàkiri tí àwọn arúfin ò sì fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù. A mú márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mò ń wọkọ̀ láti Òǹdó lọ sí Àkúrẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ń dúró lójú ọ̀nà, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá ti kọjá lára wọn báyìí, eré àsápajúdé ló kù. Ṣé àwọn awakọ̀ yìí ò bẹ̀rù òfin ni? — Olùkọ́ kan, Òǹdó

Ẹ̀rù ń bà wọ́n o, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà kì í gùn ju kìlómítà kan lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá jókòó síwájú ọkọ̀, ẹ máa wo awakọ̀ yín dáadáa. Bó bá ku díẹ̀ kí ẹ dé ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń dúró sí, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lápá kejì á ṣẹ́ iná iwájú lẹ́ẹ̀mejì lójú oòrùn ọ̀sán gangan. Awakọ̀ yín gbọ́ èdè yẹn. Á fa bẹ́líìtì kọjá àyà, á ki irin ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ itan láìjẹ́ kó wọ ihò tó yẹ kó wọ̀. Á ní kí ẹni kejì tó há mọ́ iwájú rọra tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Eré á dín. Wọ́n á kí ara wọn, wọ́n á juwọ́ síra wọn. Kí ẹ tó yí kọ́nà tó tẹ̀ lé e tán, bẹ́líìtì ti padà sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, ọkọ̀ ti ń fò.

Ohun tí awakọ̀ yìí mọ̀ lámọ̀dunjú ni ìṣe àwọn ẹ̀ṣọ́: ibi tí wọ́n ń dúró sí, aago tí wọ́n ń dé, aago tí wọ́n ń kó kọ́ọ̀nù wọn sẹ́yìn ọkọ̀. Ibi kan tí wọ́n bá ń dúró sí lójoojúmọ́ ti di kòtò ojú ọ̀nà. Awakọ̀ á yà fún un, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe lókè òkun níbi tí wọ́n gbé kámẹ́rà tó ń ka eré kọ́ òpó: wọ́n á tẹ bíréèkì bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì tẹ iná mọ́ ọn bí wọ́n bá kọjá.

Ohun méjì kan ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn tó lè là wá lójú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1967, òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fún ọlọ́pàá láṣẹ láti ní kí awakọ̀ fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ tó ń mọ ẹni tó mutí. Ariwo òfin náà gba gbogbo rédíò àti ìwé ìròyìn. Àwọn tó ń kú àtàwọn tó ń fara pa lóru òpin ọ̀sẹ̀ dín kù gan-an, torí kálukú rò pé kò sí bí òun ṣe lè mórí bọ́. Kò ju ọdún díẹ̀ lọ tí àǹfààní náà fi bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ bí òrí tó wà nínú oòrùn. Òfin ò yí padà. Awakọ̀ mutí lọ́jọ́ kìíní, kò sẹ́ni tó dá a dúró. Ó mu ún lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó bi í. Ariwo ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà á, ìrírí ara rẹ̀ ló wá kó ẹ̀rù náà lọ.

Ní ìpínlẹ̀ New South Wales ní Ọsirélíà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà ní oṣù kejìlá ọdún 1982. Wọ́n ní ọlọ́pàá lè dá ọkọ̀ èyíkéyìí dúró, ì báà jẹ́ pé awakọ̀ rẹ̀ ò ṣe ohunkóhun, kí wọ́n sì ní kí awakọ̀ náà fẹ́ èémí sẹ́rọ. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lọ́dún àkọ́kọ́ nìkan tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Àwọn ìjàm̀bá ọkọ̀ tó ń pààyàn dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún, kò sì gbéra padà bíi tàwọn Gẹ̀ẹ́sì, torí wọn ò dáwọ́ dúró. Ẹni tí wọn ò tíì dá dúró fúnra rẹ̀ ti kọjá lára ibi tí wọ́n ti ń dá ẹlòmíràn dúró, tàbí kí àbúrò ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún un pé òun fẹ́ èémí sẹ́rọ lálẹ́ àná.

Ọ̀nà Òǹdó sí Àkúrẹ́ ò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá kí irú rẹ̀ tó ṣeé ṣe. Kí ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ kọ orúkọ ibi mẹ́fà sórí bébà mẹ́fà, bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà Òǹdó, kó gba Ọ̀wẹnà kọjá títí dé ẹ̀yìn Àkúrẹ́. Kó ká wọn, kó sì ṣẹ́ kèké ní àràárọ̀. Kí kèké náà mú aago pẹ̀lú. Kí wọ́n lo ogójì ìṣẹ́jú níbì kan, kí wọ́n sì kó kọ́ọ̀nù lọ síbòmíràn, torí ìròyìn pé “wọ́n wà níbẹ̀” kì í pẹ́ dé gáréèjì lórí WhatsApp. Ọkọ̀ kan nínú márùn-ún ni kí wọ́n máa dá dúró, kó má jẹ́ kìkì ọkọ̀ tó ti gbó, kí ọlọ́kọ̀ tuntun má bàa máa rò pé òun ò sí nínú àwọn tí wọ́n ń wá. Kí wọ́n yan ojú ọ̀nà tó gún, tí awakọ̀ á ti rí wọn láti òkèèrè. Ẹ̀yìn kọ́nà léwu fáwọn ẹ̀ṣọ́ fúnra wọn.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́ ni abẹ́ igi. Oòrùn mú, igi máńgòrò kan sì wà tí ibòòji rẹ̀ tutù, ẹsẹ̀ á máa gbé àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ síbẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á fi kọjá. Nígbà náà, gbogbo gáréèjì á ti mọ igi yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i. Ìṣọ̀ wa wà lápá kan ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. A dáwó, a gba ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin. Ẹnu géètì ni wọ́n ń jókòó sí. Síbẹ̀ wọ́n ń fi abẹ́fẹ́lẹ́ ya báàgì àwọn oníbàárà wa, fóònù ń lọ. Ṣé ká fi mẹ́rin mìíràn kún un ni? — Ìyá aláṣọ kan, Àkúrẹ́

Ẹ má tíì náwó sí i, ìyá wa. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí àwọn mẹ́rin tí ẹ ní ń wà.

Ní ìlú Kansas City ní Amẹ́ríkà, láàárín 1972 sí 1973, ọlọ́pàá pín àdúgbò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ́nà mẹ́ta. Ní márùn-ún, ọkọ̀ ọlọ́pàá ò yípo mọ́, àfi bí wọ́n bá pè wọ́n. Ní márùn-ún kejì, wọ́n fi ọkọ̀ kún ọkọ̀. Márùn-ún tó kù, wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Olè ò dín, kò sì pọ̀ sí i lọ́nà tó ṣeé tọ́ka sí. Èyí tó yani lẹ́nu jù ni pé àwọn ará àdúgbò gan-an ò mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Bí ọmọlúàbí tó ń gbébẹ̀ ò bá mọ̀, olè ò lè mọ̀. Ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n bá fọ́n káàkiri láìní ojú kan tó wò dà bí iyọ̀ tí wọ́n dà sódò.

Ní ìlú Minneapolis, ní Amẹ́ríkà kan náà, lẹ́yìn èyí, àwọn olùwádìí ka gbogbo ìpè tó wọlé sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àdírẹ́sì ìlú náà ni ìdajì ìpè ti ń wá. Ní 1988 sí 1989, wọ́n mú irú ojúkò bẹ́ẹ̀ 110, wọ́n fi ọlọ́pàá kún ìdajì wọn. Ìpè lórí ìwà ọ̀daràn dín níbẹ̀ ní ìdá mẹ́fà sí mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n tún ṣàkíyèsí pé ọlọ́pàá tó kàn kọjá fìrì ò ṣe àǹfààní tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń jẹ́ kí ibẹ̀ pa rọ́rọ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti lọ. Bó bá sì dúró ju ìyẹn lọ, àfikún ìṣẹ́jú náà ò mú èrè púpọ̀ wá mọ́.

Ẹ ra ìwé ogójì kan. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, gbogbo olè tó bá jà ni kí ẹ kọ síbẹ̀: ọjọ́, aago, iwájú ìṣọ̀ wo gan-an, ohun tí wọ́n gbé, ọ̀nà tí wọ́n gbà gbé e. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bírò ya àwọn ọ̀nà inú ọjà sórí páálí kan, kí ẹ sì máa gbé hóró àgbàdo kan síbi tí olè kọ̀ọ̀kan ti jà. Ibi méjì tàbí mẹ́ta ni àgbàdo á kó jọ sí, ibi tí ọ̀nà ti fún tí èrò ń ti ara wọn, tàbí ibi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ti ń já èrò. Èmi ò rò pé ẹ máa rí ẹyọ kan ní ẹnu géètì.

Àwọn ibi tí àgbàdo bá pọ̀ sí ni iṣẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ yín. Kí méjì dé ibẹ̀, kí wọ́n dúró mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú, kí wọ́n kọjú sí èrò, kí aṣọ wọn tàn kedere, kí wọ́n máa kí àwọn oníṣọ̀ sókè. Kí wọ́n lọ. Kí wọ́n padà kó tó pé wákàtí méjì, ṣùgbọ́n kó má ṣe bọ́ sí aago kan náà lójoojúmọ́. Bí gbogbo wọn bá jọ ń lọ jẹun ní aago méjì ọ̀sán, olè á fi aago méjì sí ìránti. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ jẹun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn nígbà iṣẹ́, torí ẹ̀ṣọ́ tó dorí kodò sórí fóònù ò sí níbẹ̀ lójú olè.

Ẹ lè béèrè pé ṣé olè ò ní ṣí lọ sí apá ọjà kejì. Ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí irú iṣẹ́ yìí fi hàn pé kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ojúlé tó yí ibẹ̀ ká náà á rí nínú àǹfààní rẹ̀, torí olè ò mọ ibi tí ìṣọ́ mọ.

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ ní gbangba. Bí wọ́n bá mú ẹnikẹ́ni, kí wọ́n mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, pẹ̀lú ẹrù àti ẹni tó ni ín. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé táyà tàbí igi. Wọ́n ti pa aláìṣẹ̀ báyẹn rí lórílẹ̀-èdè yìí, ọjà tí wọ́n sì ti pa èèyàn ò dín olè kù nítorí ẹ̀.

Àwa onílé ládùúgbò wa lọ́nà Ọ̀dà fẹ́ gbé kámẹ́rà. Ẹnì kan ní ká ra méjì gidi, ká ra mẹ́rin tó jẹ́ ike lásán tó kàn ń ṣẹ́ná pupa. Ṣé ó dáa? — Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, Àkúrẹ́

Ike á dẹ́rù bà wọ́n títí di ọjọ́ tí wọ́n bá jí nǹkan lábẹ́ rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó fi àwòrán hàn. Láti ọjọ́ yẹn lọ, wọ́n á rò pé méjì gidi náà jẹ́ ike. Ẹ fi owó ike ra bátìrì, kí kámẹ́rà gidi máa ṣiṣẹ́ bí iná bá lọ. Ẹ gbé e sí ibi tí ọkọ̀ ń gbà jáde, ní gíga mítà mẹ́ta, kó lè rí ojú èèyàn, nítorí èyí tó bá ga jù, orí nìkan ló ń yà. Ẹ yẹ aago rẹ̀ wò lóṣooṣù. Ẹ yan ẹni kan ṣoṣo tó máa ń wò ó, tó sì máa gbé àwòrán lọ fún ọlọ́pàá tàbí Àmọ̀tẹ́kùn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin àgbà, ìtanràn ló kéré jù. Kí ìjọba sọ owó náà di ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún, kí wọ́n sì máa ju èèyàn sẹ́wọ̀n. Ẹ wo bí gbogbo wọn ṣe máa tò! — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Yunifásítì FUTA, Àkúrẹ́

Ẹ mú bírò. Nínú ìwé ìtanràn àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, eré àsájù jẹ́ 3,000 náírà, fóònù lórí sítíárì jẹ́ 4,000, ìwakọ̀ eléwu jẹ́ 50,000. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ sọ ọ́. Bí ọwọ́ bá ń tẹ awakọ̀ tó ń sáré lẹ́ẹ̀kan nínú igba ìrìn-àjò, 3,000 náà jẹ́ náírà 15 lórí ìrìn-àjò kan. Ẹ sọ ọ́ di 50,000, ó di náírà 250. Ẹ fi í sílẹ̀ ní 3,000, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́wàá: 300 náírà ni. Owó kékeré tó dájú ti ju owó ńlá tó ṣọ̀wọ́n lọ, àwa ò sì tíì wo inú ọkàn awakọ̀. Nínú ọkàn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan nínú igba túmọ̀ sí pé kò lè ṣẹlẹ̀. Ìrìn-àjò àádọ́ta tó lọ láìsí nǹkan kan ló ń rántí. Ọmọ Ítálì kan, Cesare Beccaria, ti sọ èyí láti 1764 pé ìyà kékeré tó dájú ń dẹ́rù bani ju ìyà ńlá téèyàn ṣì ń retí pé òun á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwa náà ń pòwe pé ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Olóhun ń gbọ́ ìlàjì kejì, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Olè ń gbọ́ ìlàjì àkọ́kọ́.

Ẹ wo Denmark, orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù tí Jámánì gbà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Jámánì tú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ibẹ̀ ká, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọlọ́pàá náà lọ. Ìdigunjalè ní Copenhagen, tó jẹ́ bíi mẹ́wàá lóṣù ní 1943, fò kọjá ọgọ́rùn-ún lóṣù. Wọ́n fi kún ìyà àwọn tí ọwọ́ bá tẹ̀ gan-an, kò dá a dúró, torí ọwọ́ ò tẹ ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n jìbìtì àti kíkó owó ọ̀gá ẹni jẹ ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Kí ló fà á? Nínú irú ọ̀ràn yẹn, bí wọ́n bá ti rí i pé owó ti lọ, wọ́n ti mọ ẹni tó kó o. Akọ̀wé owó ò nílò ọlọ́pàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó tó mọ̀ pé wọ́n á mú òun.

Ìyà ńlá tún ń bí ìṣòro mìíràn. Bí ìtanràn bá jẹ́ 3,000, awakọ̀ tó fẹ́ fi ẹ̀gúnjẹ bọ́ á na 500. Bó bá di ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún, á na ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, á sì tún dúpẹ́. Òfin líle náà á wá di ọjà fún ẹni tó ń fi í dẹ́rù bani.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mò ń wà. Ìwé mi pé pérépéré. Níbì kan tí mò ń gbà, àwọn kan tó wọ aṣọ ìjọba ń gba owó lọ́wọ́ gbogbo wa láràárọ̀, ẹni tó níwèé àti ẹni tí kò ní. Ọ̀rẹ́ mi ní òun ò ní ṣe ìwé mọ́ lọ́dún yìí. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. — Oníkẹ̀kẹ́ kan, Àkúrẹ́

Nínú gbogbo lẹ́tà tó wọlé, tiyín ló wọ̀ wá lára jù, nítorí ọ̀rẹ́ yín ti ṣírò rẹ̀ tán, ìṣirò rẹ̀ ò sì ní àṣìṣe.

Ohun tí ìdúró ọlọ́pàá ń kọ́ni wà nínú àlàfo tó wà láàárín ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí arúfin àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò rúfin. Bí arúfin bá san 3,000, tí aláìṣẹ̀ sì kọjá ní ọ̀fẹ́ pẹ̀lú “ó dàbọ̀”, àlàfo yẹn jẹ́ 3,000, ó tó ohun tó lè mú èèyàn ṣe ìwé. Bí àwọn méjèèjì bá san 200, àlàfo náà jẹ́ òdo. Ọ̀nà lè kún fún aṣọ ìjọba láti Alágbàkà títí dé Ọ̀wọ̀, òdo náà ni. Kódà ẹni tó ṣe ìwé ti pàdánù ju ẹni tí kò ṣe lọ, torí ó san owó ìwé, ó tún san 200. Ọ̀rẹ́ yín ò burú. Wọ́n kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ kan láràárọ̀, ó sì gbọ́ ẹ̀kọ́ náà yé.

Ọ̀rọ̀ yìí tún kọjá owó. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ará ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ní 1984 rí i pé bí ọlọ́pàá ṣe bá èèyàn lò, bóyá ó gbọ́ ẹnu rẹ̀, bóyá kò ṣe ojúsàájú, ń ràn án lọ́wọ́ láti máa pa òfin mọ́, àní níbi tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ẹni tí wọ́n ti rẹ́ jẹ láràárọ̀ ò ní pe ọlọ́pàá bó bá rí olè lálẹ́. Bí àwọn tó rí olè ò bá pe ọlọ́pàá, olè á mọ̀ pé ewu òun ti dín kù.

Èyí tó wà lọ́wọ́ yín rèé. Ẹ máa tọ́jú ìwé yín sínú ọ̀rá kan, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà nílé. Bí wọ́n bá dá yín dúró, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ kí wọn, ẹ na ìwé náà fún wọn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Bí wọ́n bá ní ẹ ṣẹ̀, ẹ béèrè pẹ̀lẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni, kí wọ́n sì kọ ọ́. Ìtanràn àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní ìwé tirẹ̀, báǹkì ni wọ́n ń san án sí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbà á sọ́wọ́ lójú títì. Béèlì ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má bá wọn jà níbẹ̀, ẹ má sì fi fóònù sí wọn lójú bí ẹ bá dá nìkan wà.

Ohun tí ẹnì kan ò lè ṣe, ẹgbẹ́ yín lè ṣe é. Kí oníkẹ̀kẹ́ ogún máa kọ ọjọ́, aago, ibi, iye tí wọ́n gbà àti orúkọ tó wà láyà aṣọ bó bá hàn, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ̀sùn ẹnì kan, wọ́n lè pè é ní ìbínú. Ẹ̀sùn ogún èèyàn tó bára mu lórí ibì kan àti aago kan, ó ṣòro láti tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí alága fi lẹ́tà àti ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ sí olú-iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ní Àkúrẹ́, tàbí sí iléeṣẹ́ tí àwọn tó wọ aṣọ náà ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ̀dà kan sì lọ sí Public Complaints Commission, àjọ tó ti ń gbọ́ irú ẹ̀sùn yìí láti 1975 láìgba kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiyín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ẹ bá wa bẹ ọ̀rẹ́ yín pé kó ṣe ìwé rẹ̀. Bí ẹ̀sùn yín bá dé iwájú ọ̀gá kan, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa bi yín ni bóyá ẹ̀yin fúnra yín níwèé.